Gìtá Tó Ń Gún Ni Létí àti Ibi Tí Sípíkà Kọjú Sí

Àwọn tó pè mí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ẹjọ́ kan tó ti délé gbogbo wa rí. Onígìtá á jókòó sílé, á fi íápíìsì sétí, á to ohùn rẹ̀ títí á fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Tó bá di Sátidé, á gbé ẹ̀rọ tó fi to ohùn náà lọ sóde, á so ó mọ́ ańpù àti àpótí sípíkà gidi, á ta okùn, ojú àwọn tó jókòó níwájú á sì fún pọ̀. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ ohùn á ṣẹ́wọ́ sí i pé kó dín in kù. Yóò dín in kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn náà ṣì ń gún etí, kò kàn pariwo mọ́ ni.

Bọ́tìnnì tẹ̀rẹ́bù lọwọ́ wa máa ń kọ́kọ́ lọ sí. Bí ìyẹn kò bá ṣiṣẹ́, ọwọ́ á lọ sí àpò, a ó ra sípíkà mìíràn tàbí ańpù mìíràn. Èmi gbà pé kò tíì yẹ ká débẹ̀ rárá. Ohun tí mo wá sọ ni pé nínú ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tẹ̀rẹ́bù, etí tó ń to ohùn kò sí níbi tí sípíkà ń ju ohùn sí. Etí onígìtá wà lókè, ohùn ń kọjá nísàlẹ̀. Ẹ mú etí dé ojú ọ̀nà ohùn ná, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo wá bú tẹ̀rẹ́bù o. Orin tiwa ò lè dúró láìsí i. Àyìndé Bákàrè ni wọ́n máa ń kà sí ẹni tó kọ́kọ́ mú gìtá oníná wọ inú jùjú, ní 1949, láti ìgbà náà sì ni gìtá ti ń wá àyè tirẹ̀ láàárín agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù gángan. Ẹ tẹ́tí sí ẹgbẹ́ King Sunny Adé nínú àwo Juju Music ti 1982. Gìtá tó wà níbẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Oníkálukú ń ta ègé kékeré tirẹ̀, èyí ń bi èyí ń dáhùn, síbẹ̀ ẹ lè nawọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tẹ̀rẹ́bù ló jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe. Gìtá pedal steel tí Dẹ̀mọ́lá Adépọ̀jù ta nínú ẹgbẹ́ yẹn náà ń tàn lókè gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ta ni létí. Ó tún ta á nínú Graceland, àwo Paul Simon olórin Amẹ́ríkà, tó jáde ní 1986. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí onígìtá jùjú yí tẹ̀rẹ́bù sí òdo, ó ní kó pa orin náà ni. Ohun tí à ń wá ni ohùn tó mọ́ gaara, tí kò sì gún ẹnikẹ́ni.

Níbo gan-an ni gígún yìí wà? Okùn tó nípọn jù lórí gìtá, tí a bá ta á láìfọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 82 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn 82 Hz. Èyí tó tínrín jù wà ní 330 Hz. Bí ẹ bá tẹ okùn tínrín yẹn mọ́ fret kejìlélógún, níbi tí ọ̀pọ̀ gìtá parí sí, ẹ ò tíì kọjá 1,200 Hz. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láàárín 2,000 sí 5,000 Hz ni etí ọmọ ènìyàn ti mú jù lọ. Ẹ rí i pé kì í ṣe ohùn tí ìka yín ń tẹ̀ gan-an ló ń gún ni. Àwọn ohùn kéékèèké tó ń bá a rìn lókè ni, àwọn tó ń jẹ́ ká mọ̀ pé irin ni okùn náà àti pé ike la fi ń ta á. Ẹni tó bá wá tan overdrive, ó ti sọ àwọn ohùn kéékèèké yẹn di púpọ̀, ó sì ti gbé wọn sókè sí i.

Sípíkà gìtá wà láti kó àwọn ohùn yìí níjàánu. Kò ní túwítà bíi ti sípíkà tí a fi ń gbọ́ rédíò tàbí ti gbọ̀ngàn ńlá. Awọ kan ṣoṣo ló ní, ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ oní-ínǹṣì 12, tó bá sì ti tó nǹkan bí 5,000 Hz, agbára rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Celestion, ilé iṣẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, gbé Vintage 30 jáde ní 1986, wọ́n sì kọ ọ́ sí i pé láti 70 dé 5,000 Hz ló ń ṣiṣẹ́. Greenback tiwọn tó ti wà ṣáájú, 75 dé 5,000 ni wọ́n kọ sí tirẹ̀. Lójú ìwé, ọmọ ìyá ni wọ́n. Lójú iṣẹ́, Vintage 30 máa ń ga sókè láàárín 2,000 sí 4,000, Greenback sì rọ̀ jù ú lọ. Ẹ má fi ìwé ra sípíkà.

Ibi tí mo fẹ́ ká dúró sí dáadáa rèé. Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú afẹ́fẹ́. Ìgbì ohùn 100 Hz gùn ju mítà mẹ́ta lọ. Ti 3,000 Hz kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 11 lọ. Awọ sípíkà oní-ínǹṣì 12, tí a bá yọ etí rẹ̀ kúrò, fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 26 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Nígbà tí ìgbì bá gùn ju awọ yìí lọ fíìfíì, ohùn á tàn káàkiri, ẹ lè wà lẹ́yìn àpótí kí ẹ sì gbọ́ béèsì. Nígbà tí ìgbì bá kúrú ju awọ lọ, láti nǹkan bíi 1,300 Hz lọ sókè, ohùn ò tàn mọ́. Yóò kóra jọ síwájú bí iná tọ́ọ̀ṣì, bó bá sì ṣe ń ga sí i ni ìmọ́lẹ̀ náà ń tín-ín-rín sí i. Ẹni tó wà láàárín iná yẹn ń gbọ́ gbogbo tẹ̀rẹ́bù. Ẹni tó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ ń gbọ́ ohùn tó ti wúwo, tó ti rọ̀.

Ẹ wá wo bí a ṣe máa ń tò ó. Àpótí wà nílẹ̀ lórí pèpéle, sípíkà wà ní ọ̀gangan orúnkún onígìtá, onígìtá fúnra rẹ̀ dúró ní nǹkan bíi mítà kan síwájú rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Orúnkún rẹ̀ ń gbọ́ tẹ̀rẹ́bù, etí rẹ̀ ò gbọ́. Lójú tirẹ̀, ohùn náà ti kú, yóò fi tẹ̀rẹ́bù kún un, yóò tún fi Presence kún un. Pèpéle sì ga ju ilẹ̀ lọ, nítorí náà sípíkà tó wà ní orúnkún onígìtá, ojú gan-an ló kọjú sí fún ẹni tó jókòó ní ìlà àkọ́kọ́. Ìlà àkọ́kọ́ yìí ni a máa ń fi àwọn àgbà àti àwọn tó fowó sí òde náà sí. Onígìtá ń ṣe ohun tó tọ́ sí etí ara rẹ̀, ìyà ẹ̀ sì ń jẹ ẹlòmíràn. Àwọn méjèèjì ò purọ́, ibi tí wọ́n dúró sí ló yàtọ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba owó. Ẹ fi nǹkan gbé iwájú àpótí sókè kó lè wo òkè, kó kọjú sí etí ẹni tó ń ta gìtá. Àwọn ańpù Fender ńlá àtijọ́, bíi Twin Reverb, ní ẹsẹ̀ irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún iṣẹ́ yìí gan-an. Àpótí Marshall onísípíkà mẹ́rin tí orí rẹ̀ dà sẹ́yìn náà ń jẹ́ kí méjì òkè wo òkè díẹ̀. Bí kò bá sí èyí, àga tó le tàbí páálí igi tó dúró dáadáa á ṣe é. Tàbí kẹ̀, ẹ kọ àpótí sí ẹ̀gbẹ́, kí ó máa ju ohùn gba orí pèpéle kọjá, kí máìkì sì máa gbé èyí tó yẹ lọ fún àwọn ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ gbé etí sí ọ̀gangan àárín sípíkà, ní mítà méjì tàbí mẹ́ta sí i, kí ẹlòmíràn máa ta gìtá. Ẹ má sún mọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sì rọra pẹ̀lú ohùn líle, nítorí etí kò ní ààrọ̀. Ohùn tí ẹ ń gbọ́ níbẹ̀ ni kí ẹ tò. Ọ̀pọ̀ onígìtá tó bá ṣe èyí nígbà àkọ́kọ́ máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ dín tẹ̀rẹ́bù kù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́.

Fóòmù náà wà, bí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀. Wọ́n máa ń gé fóòmù tó nípọn ní róbótó bí sípíkà ṣe tóbi, wọ́n á dá ihò kékeré sí àárín rẹ̀, wọ́n á sì fi sí iwájú sípíkà nínú àpótí. Fóòmù á mu tẹ̀rẹ́bù tó ń jáde láti etí awọ, èyí tó ń gba ihò àárín nìkan ló máa jáde. Ohun tí tẹ̀rẹ́bù ń gbà jáde ti wá kéré, ohun tó bá sì kéré ló ń tan ohùn kálẹ̀ jù. Béèsì ò ní mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Fóòmù ìbùsùn tó ṣẹ́kù nílé lè ṣe é, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn ohun èlò olówó gọbọi lọ.

Ẹjọ́ ti ìdí tí ohùn ilé fi ń di ọ̀tá lóde ṣì wà nílẹ̀. Ní 1933, Harvey Fletcher àti Wilden Munson, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde lórí bí etí ṣe ń wọn ohùn. Wọ́n rí i pé nígbà tí ohùn bá rọlẹ̀, béèsì ni etí ń kọ́kọ́ pàdánù, tẹ̀rẹ́bù tó ga gan-an náà á sì dín kù. Bí ohùn bá wá ń lọ sókè, àwọn méjèèjì á padà wá. Onígìtá tó ń to ohùn lóru, tí kò fẹ́ jí àwọn ará ilé, á fi béèsì kún un, á fi tẹ̀rẹ́bù kún un, kí ó lè kún létí. Bó bá gbé e dé òde, tó yí i sókè, ohun tó fi kún un ṣì wà níbẹ̀, etí náà ti wá ń gbọ́ tirẹ̀. Ó di méjì. Kò sí ọgbọ́n mìíràn ju pé kí a to ohùn ní ìwọ̀n ariwo tí a ó fi ṣeré. Ẹ bá àwọn aládùúgbò sọ̀rọ̀, tàbí kí ẹ tètè dé òde.

Àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbí á ti máa retí pé kí n dé orí ẹ̀rọ aláfarawé, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì báyìí. Láti ìgbà POD ti Line 6 ní 1998, títí dé Kemper ti àwọn ará Jámánì ní 2011 àti Helix ní 2015, ohun tí àwọn ẹ̀rọ yìí ń ṣe ni pé wọ́n ń fara wé ańpù, àpótí sípíkà, àti máìkì tó wà níwájú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ nínú páálí kan. Bí ohùn bá ń lọ sínú íápíìsì tàbí sípíkà gbọ̀ngàn, kí ẹ jẹ́ kí àpótí àfarawé wà ní títàn. Láìsí i, gbogbo ohun tó ga ju 5,000 Hz lọ, èyí tí sípíkà gìtá ì bá ti gé dànù, á bọ́ sínú túwítà, yóò sì máa han létí bí overdrive bá wà níbẹ̀. Bí ohùn bá ń lọ sínú àpótí gidi, ẹ pa àpótí àfarawé. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yìí ní ọ̀nà àbájáde méjì, nítorí náà ẹ lè fi èyí tó ní àpótí àfarawé ránṣẹ́ sí gbọ̀ngàn, kí ẹ fi èyí tí kò ní ránṣẹ́ sí àpótí tó wà lẹ́yìn yín.

Ṣùgbọ́n pańpẹ́ tó mú ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sí níbẹ̀. Onígìtá to ohùn rẹ̀ sórí àpótí àfarawé fún ọjọ́ pípẹ́. Àpótí yẹn dákú díẹ̀, onígìtá fi tẹ̀rẹ́bù bá a jà: ó gbé 3,000 Hz sókè, ó yí Presence sí mẹ́jọ, ó fi pẹ́dàlì kan kún un. Lóde, ó pa àpótí àfarawé bí ìwé ṣe ní kó ṣe, ó so mọ́ àpótí gidi. Ọ̀tá tó ń bá jà ti lọ, ohun ìjà ò sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo àfikún yẹn bọ́ sórí Vintage 30 tó ti ní tirẹ̀ tẹ́lẹ̀ láàárín 2,000 sí 4,000. Nígbà tí ẹ bá dé orí àpótí gidi, ẹ pa gbogbo EQ tó wà lẹ́yìn ańpù, ẹ dá àwọn bọ́tìnnì ańpù padà sí àárín, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ẹ fi orúkọ mìíràn pa á mọ́. Ohùn àpótí gidi àti ohùn íápíìsì kì í ṣe ìbejì.

Èyí tó tún farapẹ́ ẹ: ańpù onífáàfù kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ańpù onítransistor tí a fi ń ti sípíkà. Sípíkà kì í dènà iná ní ìwọ̀n kan náà níbi gbogbo. Ó máa ń dènà rẹ̀ gan-an nísàlẹ̀ níbi tí awọ rẹ̀ ti fẹ́ràn láti gbọ̀n, ó sì tún ń ga bí ohùn ṣe ń lọ sókè. Ańpù onífáàfù máa ń tẹ̀lé e, béèsì àti tẹ̀rẹ́bù á sì gbéra níbi méjèèjì yẹn. Ẹ̀rọ aláfarawé mọ èyí, ó sì ti fi sínú ohùn rẹ̀. Bí ẹ bá wá so ó mọ́ ańpù onífáàfù gidi, a ti gbé tẹ̀rẹ́bù lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ pa apá tó ń fara wé agbára ańpù nínú ẹ̀rọ. Bó bá jẹ́ ti transistor ni ẹ so ó mọ́, ẹ jẹ́ kí ó wà ní títàn.

Ẹni tí kò lo ẹ̀rọ aláfarawé, tó jẹ́ ańpù àtijọ́ ló ní, kí ó wo bọ́tìnnì tí wọ́n kọ Bright sí. Nínú Twin Reverb, kapásítọ̀ kékeré oní-120 pF ló wà nídìí rẹ̀. Nínú Marshall Super Lead, tí kò ní bọ́tìnnì Bright, wọ́n máa ń so èyí tó tó 5,000 pF mọ́ volume. Kapásítọ̀ yìí ń jẹ́ kí tẹ̀rẹ́bù gba ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnnì volume kọjá. Bí volume bá wà lókè, ìyàtọ̀ ò pọ̀. Bó bá wà nísàlẹ̀, bí a ṣe máa ń lò ó ní ṣọ́ọ̀ṣì kékeré, tẹ̀rẹ́bù á kọjá, béèsì á dúró lẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí Marshall kan fi máa ń gún ni ní méjì, tó sì ń dùn ní mẹ́fà. Ẹ pa Bright bí ańpù yín bá ní i. Àwọn kan máa ń gé kapásítọ̀ yẹn dànù, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣí ańpù onífáàfù fúnra yín: iná tó ju 400 fólìtì lọ lè wà nínú rẹ̀, ó sì lè dúró síbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ kúrò lára ògiri. Ẹ gbé e fún ẹni tó mọ iṣẹ́ náà.

Nídìí gìtá, nǹkan kan wà tí àwọn tó ra ẹ̀rọ aláìníwáyà máa ń kígbe lé lórí. Wáyà gìtá ń jẹ tẹ̀rẹ́bù. Mítà kan rẹ̀ ní nǹkan bí 100 pF, nítorí náà wáyà mítà mẹ́fà ti jẹ díẹ̀ kí ohùn tó dé ańpù, etí wa sì ti mọ́ ọn lára láìmọ̀. Ẹ bọ́ wáyà sílẹ̀, ẹ gbé ẹ̀rọ aláìníwáyà, tàbí kí ẹ fi pẹ́dàlì tó ní buffer síwájú, tẹ̀rẹ́bù tí wáyà ń jẹ á padà wá. Ohun tó kúrò lára wáyà ni kí ẹ mú kúrò lórí bọ́tìnnì Tone gìtá. Ẹ yí i sí méje kí ẹ wò ó. Inú máa ń bí mi sí bí ọ̀pọ̀ onígìtá ṣe ní bọ́tìnnì Tone fún ọdún mẹ́wàá tí wọn ò fọwọ́ kàn án rí. Pickup tó sún mọ́ bridge ló tún ń mú jù, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀ bó bá ń ta ni.

Gbọ̀ngàn wa náà kì í bá wa gbé e. Ilẹ̀ táìlì, ògiri tí a fi símẹ́ńtì rẹ́ dán, fèrèsé gíláàsì, òrùlé páànù: gbogbo rẹ̀ ń ju tẹ̀rẹ́bù padà. Àmọ́ ara àwọn ènìyàn àti aṣọ wọn ń mu tẹ̀rẹ́bù. Ohùn tí ẹ to nínú gbọ̀ngàn òfìfo ní ọ̀sán á ti rọ̀ nígbà tí aṣọ ẹbí bá kún ibẹ̀. Ẹ má dín in kù tán kí àlejò tó dé.

Bí máìkì bá wà níwájú àpótí, òun náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Shure SM57, tó ti wà láti 1965, ní ìgbéga tirẹ̀ lókè, ní nǹkan bí 5,000 sí 6,000 Hz. Bí ẹ bá gbé e sí ọ̀gangan àárín sípíkà, ohùn tó mú jù lẹ ó gbà. Ẹ sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ínǹṣì méjì péré, kó kúrò lójú ìdérí àárín, kó máa wo awọ. Ìyàtọ̀ tí ínǹṣì méjì yẹn ń ṣe máa ń pọ̀ ju ti EQ lọ. Bó bá wá di dandan kí a fọwọ́ kan EQ, ẹ wá ibi tó ń ta ni gan-an láàárín 2,500 sí 4,000, kí ẹ mú dB méjì tàbí mẹ́ta kúrò níbẹ̀ nìkan, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún orin.

Ẹ lè pààrọ̀ sípíkà bí gbogbo èyí kò bá ṣiṣẹ́. Kí ẹ tó rà á, ẹ wo ohm rẹ̀. Vintage 30 àti Greenback wà ní 8 àti 16. Ańpù onífáàfù ò fẹ́ràn kí wọ́n so ohun tí kò bá a mu mọ́ ọn, ó sì lè ba trásífọ́má rẹ̀ jẹ́. Ẹ má sì yára dá sípíkà tuntun lẹ́jọ́ ní ọjọ́ tí ẹ so ó mọ́ ọn, etí awọ rẹ̀ ṣì le.

Ańpù ti gbóná, àpótí wà níwájú yín níbí, ó wà nílẹ̀ bí a ṣe máa ń gbé e. Mo fẹ́ onígìtá kan àti ẹni méjì mìíràn, kí ẹnì kan dúró lẹ́yìn onígìtá, kí ìkejì jókòó ní ìlà àkọ́kọ́, kí àwọn méjèèjì sọ ohun tí wọ́n gbọ́ fún wa kí a tó gbé àpótí sórí àga.